Kà Á Kí O Tó Fọwọ́ Kàn Án: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ Iṣẹ́ Sysadmin Lórí Unix

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́ tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àfarabalẹ̀. Alága ti sọ fún mi pé kí n má pẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn lé lọ́wọ́ kì í tètè dá a padà.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe lè kọ́ iṣẹ́ alábòójútó ẹ̀rọ lórí Unix, ètò ìṣiṣẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ni ẹni tó ń rí sí i pé server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, dúró, pé àwọn tó yẹ kó wọlé ń wọlé, pé àwọn tí kò yẹ kó wọlé wà níta, pé ohun tí a kó pa mọ́ lánàá ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Sysadmin ni a máa ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó máa pè é.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Nínú ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ta ló ní ìwé kan tó ń kọ àwọn àṣẹ sí, tó ń há wọn sórí? ls, cd, grep, chmod? Ẹ nawọ́ sókè, ẹ má tijú. Ó dáa, mo rí yín. Ẹ má ju ìwé yín nù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kọ́ nìyẹn. Ẹni tó há ọgọ́rùn-ún àṣẹ sórí, tí kò lè ka ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún un, ewu ni fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ẹni tó mọ ogún péré, àmọ́ tó máa ń kàwé kó tó fọwọ́ kan nǹkan, mo lè fi server sílẹ̀ fún un kí n lọ sùn. Ohun tí mo wá sọ kò jù báyìí lọ: nínú iṣẹ́ yìí, kíkà pọ̀ ju títẹ̀ lọ. Kíkà pọ̀ ju títẹ̀ lọ! Àpẹẹrẹ ni gbogbo ìyókù.

Ibi tí Unix ti ṣẹ̀ wá

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí kọjá. Lọ́dún 1969, ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà yọwọ́ nínú iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Multics, tí òun pẹ̀lú MIT àti General Electric jọ dáwọ́ lé. Ken Thompson, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà, rí kọ̀ǹpútà PDP-7 kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe, òun àti Dennis Ritchie sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò ìṣiṣẹ́ kékeré kan sórí rẹ̀. Unix nìyẹn. Lọ́dún 1973 wọ́n fi èdè C tún un kọ, ó sì bọ́ lọ́wọ́ pé irú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló lè gbé e. Ọdún yẹn kan náà ni pipe dé, àmì ìlà òòró yìí tí ẹ ń rí lórí kíbọ́ọ̀dù yín. Doug McIlroy ni kò yé tẹnu mọ́ ọn pé ó yẹ kí èèyàn lè so puróógíráàmù pọ̀ mọ́ra wọn, kí ohun tí èkíní bá sọ jáde jẹ́ ohun tí èkejì máa gbà wọlé.

Láti ibẹ̀ ni ẹbí ti fẹ̀. Yunifásítì Berkeley mú BSD, irú Unix tirẹ̀, jáde, FreeBSD, NetBSD àti OpenBSD sì ti ara rẹ̀ wá. Ilé iṣẹ́ Sun ṣe Solaris, IBM ṣe AIX. Richard Stallman kéde GNU, iṣẹ́ láti kọ ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó jọ Unix, lọ́dún 1983. Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki nígbà náà, gbé Linux jáde lọ́dún 1991. Àwọn kan á ní Linux kì í ṣe ọmọ bíbí inú Unix. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra débi pé ẹni tó bá gbọ́ èdè ọ̀kan kò ní sọnù nílé èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ìyẹn, kó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ló dé tí mo fi ń pìtàn? Nítorí ohun kan tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn yàn ni. Wọ́n yàn pé kí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí ojú èèyàn lè kà. Àwọn ètò tó ń darí ẹ̀rọ wà nínú fódà /etc, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n. Orúkọ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ wà nínú /etc/passwd, ìlà kan fún ẹnì kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru nígbà tí o sùn wà nínú /var/log. Ẹ̀rọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ní àṣírí lójú ẹni tó bá ń kàwé. Ta wá ni ká dá lẹ́bi bí a kò bá kà á?

Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní: ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ ni man. Ẹ tẹ man pẹ̀lú orúkọ àṣẹ tí ẹ fẹ́ mọ̀, ìwé rẹ̀ á ṣí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ìwé náà ní ìpín, àti pé nọ́mbà ìpín náà ṣe pàtàkì. Ìpín 1 wà fún àwọn àṣẹ, ìpín 5 wà fún bí àwọn fáìlì ṣe rí nínú, ìpín 8 wà fún iṣẹ́ alábòójútó. Bí o bá tẹ man crontab, ìwé àṣẹ crontab, èyí tí a fi ń sọ iṣẹ́ àti àsìkò rẹ̀ fún cron tó máa ń ṣe é, ló máa ṣí fún ọ. Bí o bá tẹ man 5 crontab, ìgbà yẹn lo máa rí bí wọ́n ṣe ń kọ ìlà inú rẹ̀: ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ inú oṣù, oṣù, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Ìwé méjì ni, orúkọ kan náà.

Obìnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́, ọlọ́pọlọ pípé. Ó kọ script kan, ìyẹn àkójọ àṣẹ nínú fáìlì kan, tó ń kó fáìlì pa mọ́. Bó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Bó bá fi í sínú cron pé kó máa ṣiṣẹ́ lóru, ilẹ̀ á mọ́, kò ní bá nǹkan kan. Ó bi ọ̀rẹ́ léèrè, ó bi ojúlùmọ̀ léèrè, oníkálukú ń sọ tirẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kó tún ẹ̀rọ tàn. Mo ní, ṣé o ti ka ìpín 5? Kò tí ì kà á. Ó kà á. Cron kì í gbé gbogbo ohun tó yí ọ ká lórí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, dání. PATH tirẹ̀, ìyẹn àwọn fódà tó ti ń wá àṣẹ, kúrú. Àṣẹ tí o ń pe orúkọ rẹ̀ lásán lórí terminal, cron lè má mọ ilé rẹ̀. Ó kọ ọ̀nà àṣẹ náà ní kíkún, ó di lílò. Ìwé náà ti wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ látọjọ́ tó ti gbé e kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àṣìṣe tí ẹ̀rọ ń kọ sí wa lójú. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rí i, a kì í kà á. A óò sọ pé "kò ṣiṣẹ́." Kí ló sọ? "Kò kàn ṣiṣẹ́ ni." Ẹ̀yin ará, Connection refused àti Connection timed out kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà o! Nínú ti àkọ́kọ́, ìdáhùn padà wá: o dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà tí o kàn, tàbí kẹ̀, firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè wọlé, ló lé ọ padà. Nínú ti èkejì, kò sí ìdáhùn rárá: bóyá ẹ̀rọ ti kú, bóyá ọ̀nà ti dí, bóyá firewall gbé ọ̀rọ̀ rẹ mì láìsọ nǹkan kan. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ méjèèjì ti dín ibi tó máa wá kù sí ìdajì kó tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù.

Ó wá ku ìtàn dísíìkì tó kún. Mo fẹ́ jókòó ti èyí díẹ̀, nítorí kò sí sysadmin tí kò ní bá a pàdé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, server yarí. Kò sí puróógíráàmù tó lè kọ nǹkan sílẹ̀ mọ́. Ohun tí log, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀rọ, ń sọ lásọtúnsọ ni No space left on device, pé àyè ti tán lórí dísíìkì. Ó tẹ df -h, tó ń sọ bí dísíìkì ṣe kún tó, ó rí 100%. Ó fi du, tó ń wọn fódà àti fáìlì, wá ohun tó sanra jù, ó rí fáìlì log kan nínú /var/log tó ti wú kọjá ààlà. Ó fi rm pa á rẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ó tún df tẹ̀. 100%. Ó tún un tẹ̀. 100%! Fáìlì ti lọ, àyè kò padà. Àwọn oníbàárà ń pariwo lórí fóònù, òun sì ti ń wá ohun mìíràn tó máa pa rẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ni rm ń ṣe gan-an?

Ẹ̀yin náà, ẹ dá mi lóhùn: kí ni rm ń ṣe? Mo gbọ́ pé "ó ń pa fáìlì rẹ́." Rárá o. Orúkọ ni rm ń yọ. Lórí Unix, orúkọ fáìlì lọ́tọ̀, fáìlì fúnra rẹ̀ lọ́tọ̀. Inode ni a ń pe àkọsílẹ̀ tó di fáìlì mú: ẹni tó ni ín, bó ṣe tóbi tó, ibi tó wà lórí dísíìkì. Orúkọ kàn ń tọ́ka sí i ni. Bí orúkọ tó kẹ́yìn bá ti lọ, kernel, ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ náà, á tún bojú wò bóyá puróógíráàmù kan ṣì ṣí fáìlì náà sílẹ̀. Bó bá wà, kernel kò ní dá àyè náà sílẹ̀ títí puróógíráàmù yẹn á fi tì í. Ẹni tó ń kọ log náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ṣì di fáìlì náà mú, ó ṣì ń kọ nǹkan sínú ohun tí kò lórúkọ mọ́.

Ó tẹ lsof +L1, èyí tó máa ń ka àwọn fáìlì tó ṣí sílẹ̀ tí wọn ò lórúkọ mọ́. Ó rí i kedere. Ó tún puróógíráàmù yẹn nìkan tàn, iye tó kún lórí dísíìkì sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti mọ̀ ṣáájú ni, ì bá má lo rm rárá, ì bá kàn da inú fáìlì náà nù kó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìtàn yìí ní àbúrò. Nígbà mìíràn, àṣìṣe kan náà á yọjú, No space left on device, df -h á sì sọ fún ọ pé ìdajì dísíìkì ṣófo. Ṣé ẹ̀rọ ń parọ́ ni? Kò parọ́. Ẹ tẹ df -i. Inode ló tán. Lórí ọ̀pọ̀ filesystem, ìyẹn ètò tí a fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, iye inode ni a ti pín ní ọjọ́ tí a dá a sílẹ̀, bí puróógíráàmù kan bá sì ń da àwọn fáìlì tíńtìntín sílẹ̀ láìkó wọn, inode lè tán kí àyè má tí ì tán. Ó tún ku ẹnì kan nínú ẹbí yìí: lórí ext4, filesystem kan tó wọ́pọ̀ lórí Linux, 5% àyè ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún root, ìyẹn alábòójútó àgbà, bí ẹni tó ṣe é kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn yòókù á fi máa ké pé ó kún, tí root á sì ṣì ráyè kọ̀wé. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ìwọ alábòójútó lè ráyè wọlé tún nǹkan ṣe ni.

Ọ̀rọ̀ kejì: agbára root

Kernel kò mọ orúkọ rẹ. Nọ́mbà ló mọ̀. Ẹni tí nọ́mbà rẹ̀ bá ti jẹ́ 0, ọba ni, ohunkóhun tó bá wù ú ló lè ṣe. A ń pè é ní root. Àwa yòókù, àṣẹ ara fáìlì ló ń darí wa: ẹni tó ni ín, ẹgbẹ́ rẹ̀, àti ará ìta. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, ṣíṣiṣẹ́ jẹ́ 1. Nítorí náà 640 túmọ̀ sí pé olówó rẹ̀ lè kà á kó sì kọ ọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á, ará ìta kò rí nǹkan kan. Ìṣirò yìí kò le.

Ohun tó le ni ìkánjú. Ẹnì kan á rí Permission denied, pé a kò gbà á láyè, kò ní béèrè ta ló ni fáìlì náà, kò ní béèrè ẹgbẹ́ wo ni puróógíráàmù náà wà, chmod 777, tó ń ṣí gbogbo àyè fún gbogbo èèyàn, ló máa kì mọ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́! Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣiṣẹ́ fún un, ó ṣiṣẹ́ fún ará ìta, ó ṣiṣẹ́ fún olè pẹ̀lú. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Bákan náà ni ẹni tó bá ń fi kill -9 bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ dá puróógíráàmù dúró. Kill lásán, àmì 15 ló ń rán, ó ń bẹ puróógíráàmù pé kó palẹ̀ mọ́ kó máa lọ. Àmì 9 kì í bẹ̀bẹ̀, puróógíráàmù kò sì lè kọ̀ ọ́. Ẹ fi 9 lu database, puróógíráàmù tó ń tọ́jú dátà, tó wà láàárín ìkọ̀wé, ẹ wá wo iṣẹ́ àtúnṣe tó máa dúró dè yín nígbà tó bá tún dìde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ti sudo, àṣẹ tó ń yá ẹni tí a gbà láyè ní agbára root, ẹ lò ó, ẹ má máa wọlé tààrà bíi root. Ó ń kọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ohun tó ṣe sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tún ètò rẹ̀ ṣe, visudo ni kí ẹ fi ṣí i, nítorí visudo máa ń yẹ ìwé náà wò kó tó gbà á wọlé. Ẹni tó fi editor (puróógíráàmù ìkọ̀wé) lásán ṣí i tó sì ṣi kọ̀mà kan kọ lè rí i pé sudo kò gba ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan òun fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní gbangba, tó dé ilé ẹjọ́. Lọ́dún 1986, ní Lawrence Berkeley Laboratory ní California, wọ́n gbé iṣẹ́ alábòójútó ẹ̀rọ fún onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Clifford Stoll. Ibẹ̀ máa ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà, ìṣirò owó náà kò sì dọ́gba. Èló ló fi yàtọ̀? Sẹ́ǹtì 75 péré. Dọ́là kan kò pé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ kò ní fa sẹ́ǹtì 75 yọ lápò kí ẹ lọ jẹun? Ọkùnrin yìí kò gbà. Ó ka ìwé ìṣirò náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ẹnì kan lo ẹ̀rọ láìsan owó. Ó tọpa rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ: ẹni náà ń gba inú ẹ̀rọ wọn bọ́ sínú kọ̀ǹpútà àwọn ológun Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó tọ ọ̀nà rẹ̀ dé Hannover ní Jámánì, lọ́dọ̀ Markus Hess, tó ń ta ohun tó bá rí fún àwọn amí ìjọba Soviet.

Báwo ló ṣe di root? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Puróógíráàmù kan wà tó máa ń bá Emacs, puróógíráàmù ìkọ̀wé kan, gbé lẹ́tà láti ibì kan sí ibòmíì, movemail. Wọ́n ti gbé e kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú agbára root, ìyẹn ohun tí à ń pè ní setuid: ẹni yòówù tó bá pè é, agbára olówó rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Movemail wá ń bá ẹnikẹ́ni gbé fáìlì síbi tó bá wù ú. Àlejò náà fi í gbé fáìlì tirẹ̀ síbi tí root á ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé e lórí. Agbára tí iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ni wọ́n fún un. Bí ẹ bá délé, ẹ tẹ find / -perm -4000 kí ẹ ka gbogbo ohun tó ní irú agbára yẹn lórí ẹ̀rọ yín. Passwd á wà níbẹ̀, ó yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ ò mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀, ẹ wádìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta: backup

Gbogbo èèyàn ní backup, ìyẹn ẹ̀dà tí a kó pa mọ́. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á ní "a ní." Ìgbà wo lẹ dá a padà kẹ́yìn, tí ẹ rí i pé ó pé? Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, database ilé iṣẹ́ GitLab, tó ń bá àwọn tó ń kọ puróógíráàmù tọ́jú iṣẹ́ wọn, ń ní wàhálà. Wọ́n ní ẹ̀rọ méjì, èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an àti èyí tó ń da tirẹ̀ kọ. Èkejì ti ṣẹ́yìn, kò lè bá a mọ́. Òru ti jìn, ó ti rẹ̀ wọ́n. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan pinnu láti pa fódà tó wà lórí èkejì rẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ó tẹ àṣẹ náà. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì ó rí i pé orí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lòun wà, ó dá a dúró. Nínú nǹkan bí 300 GB, bíi 4.5 GB ló ṣẹ́ kù.

Kò burú, backup ṣá wà? Ẹ gbọ́ èyí. Backup tó yẹ kó máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, nígbà tí wọ́n débẹ̀, òfìfo ni. Pg_dump, àṣẹ tó ń ṣe é, jẹ́ ti ẹ̀yà 9.2 PostgreSQL, database tí wọ́n ń lò, database náà sì ti di 9.6, nítorí náà ó ń kọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ṣé kò wá sọ fún ẹnikẹ́ni ni? Ó ń sọ! Ó ń fi íméèlì ránṣẹ́ pé òun kò lè ṣe é. Server íméèlì ń dá íméèlì náà nù nítorí pé kò ní àmì ìjẹ́rìí tó yẹ. Ohun tó yọ wọ́n ni ẹ̀dà kan tí onímọ̀ ẹ̀rọ náà gan-an ti ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà ló sọnù. Mo kí wọn fún ohun kan: wọn kò fi pamọ́. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta, wọ́n sì gbé iṣẹ́ àtúnṣe náà sórí YouTube bó ṣe ń lọ.

Àwọn èèyàn máa ń ka ìtàn yìí, wọ́n á ní ẹni tó tẹ àṣẹ yẹn ni kò ṣọ́ra. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè ṣì lóru. Ibi tí mo ti rí àléébù ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń ké jáde tí kò sí ẹni tó ń gbọ́. Bí ẹ bá gbé backup kalẹ̀, ẹ má ṣe é kó máa pè yín nígbà tó bá kùnà nìkan, nítorí ohun tó ti kú kì í pe èèyàn. Ẹ ṣe é kó máa jíhìn nígbà tó bá yege, kí agogo sì dún bí ìròyìn yíyege kò bá dé lásìkò. Ẹ jẹ́ kó yẹ ìwọ̀n fáìlì náà wò pẹ̀lú. Backup tó jẹ́ 300 GB lánàá tó di ẹyọ kílóbáìtì díẹ̀ lónìí kì í ṣe backup. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ sí prompt yín, ìlà tó ń dúró de àṣẹ, gàdàgbà, kí àwọ̀ èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an yàtọ̀ sí ti ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: báwo ni wàá ṣe kọ́ ọ

Wá ẹ̀rọ tí o lè bà jẹ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí, gbé VirtualBox tàbí irú rẹ̀ sórí èyí tí o ní, kí o dá ẹ̀rọ mìíràn sínú rẹ̀. Gbé Unix kan kalẹ̀ síbẹ̀ láìsí àwòrán, láìsí mouse, terminal lásán.

Lẹ́yìn náà, bà á jẹ́. Mo tún un sọ, bà á jẹ́. Ṣi ìlà kan kọ nínú /etc/fstab, ìwé tó ń sọ àwọn dísíìkì tí ẹ̀rọ máa ṣí, kí o sì tún ẹ̀rọ tàn. Kò ní dìde dáadáa. Wọlé ní single-user, ipò àtúnṣe ẹ̀rọ, o lè rí i pé kíkà nìkan ni filesystem gbà, o kò lè kọ nǹkan sórí rẹ̀. Lórí Linux, mount -o remount,rw / ló máa ṣí i fún ọ. Lórí FreeBSD, mount -u / ni. Ẹni tó ti ṣe èyí lọ́jọ́ tí ara tù ú kò ní gbọ̀n lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Fọwọ́ ara rẹ mú kí dísíìkì kún. Jẹ́ kí inode tán. Pa fódà kan rẹ́ kí o dá a padà láti inú backup. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìdánwò máa ń jẹ́ kí àkísà tètè pọ̀.

Máa kọ ohun tí o ṣe sílẹ̀, àti ìdí tí o fi ṣe é. Nígbà tó bá yá, pa gbogbo ẹ̀rọ náà rẹ́ pátápátá, kí o sì tún un kọ́ láti inú ìwé rẹ nìkan. Ibi tí o bá ti dúró tí o kò mọ ohun tó kàn, ohun tí o gbàgbé láti kọ nìyẹn.

Ohun kan tún kù kí n má gbàgbé. Bó o bá ń tún ètò SSH, ohun tí a fi ń wọlé sórí ẹ̀rọ láti òkèèrè, ṣe lórí ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, má ti terminal tí o wà nínú rẹ̀. Fi sshd -t yẹ ìwé náà wò, tún sshd, puróógíráàmù tó ń gbani wọlé, tàn, kí o wá ṣí terminal kejì láti wọlé. Bí èkejì bá wọlé, o lè ti èkíní. Bí kò bá wọlé, èkíní ṣì wà lọ́wọ́ rẹ láti fi tún un ṣe.

Ìbéèrè

Alága ní ká gba ìbéèrè díẹ̀. Ìyá kan béèrè lẹ́yìn pé ṣé ọmọ òun gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ puróógíráàmù kó tó bẹ̀rẹ̀. Rárá, Mà. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú shell, puróógíráàmù tó ń gba àṣẹ lórí terminal, yóò máa kọ ọ́ láìmọ̀ pé òun ń kọ ọ́. Kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú awk àti sed, irinṣẹ́ fún títún ọ̀rọ̀ inú fáìlì ṣe, lẹ́yìn náà èdè puróógíráàmù Python tàbí Perl.

Arákùnrin kan níbí béèrè pé ṣé ẹ̀rọ onílàákàyè tó ń kọ àṣẹ fúnni kò ní gba iṣẹ́ yìí. Ó lè bá ọ kọ àṣẹ, èmi náà máa ń bi í léèrè nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó kọ fún ọ, ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́ bíi root, orúkọ rẹ ni sudo máa kọ sílẹ̀. Ṣí man, ka ìtumọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan tó fi sínú rẹ̀. Bí o kò bá lè sọ ohun tí àṣẹ náà máa ṣe, má tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn: èwo ni ká fi bẹ̀rẹ̀? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí o bá fẹ́ tètè ríṣẹ́, Linux ló pọ̀ jù lórí àwọn server, mú Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux. Bí o bá fẹ́ rí ẹ̀rọ tí ìwé rẹ̀ pé, mú FreeBSD, Handbook rẹ̀ dára gan-an. Ìwé man ti OpenBSD náà, mi ò tí ì rí èyí tó jù ú lọ. Èyíkéyìí tí o bá mú, bó bá ti dìde lálẹ́ òní, wọlé, kí o tẹ man hier. Ó máa sọ ohun tí fódà kọ̀ọ̀kan wà fún, láti / títí dé /var. Kà á tán kí o tó gbé ohunkóhun mìíràn sórí ẹ̀rọ náà. Ìbéèrè tó bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ ká lọ bára wa sọ ọ́ níta; àwọn tó ni gbọ̀ngán ti ń wo aago. Ẹ ṣeun.